Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Ariwo Ọjà Kí A Tó Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ó kan àpò wa, ó sì kan àgọ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ ariwo ni.

Ta ni nínú wa tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí? Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò yóò ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò wọ dánfó lọ sí Ìkẹjà, Ìlúpéjú tàbí Ìsọlọ̀. Yóò dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀rọ yóò sì máa ké mọ́ ọn létí. Nígbà tó bá ṣíwọ́, ọkọ̀ yóò já a sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Fèrè ọkọ̀ ń dún níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, ẹ̀rọ alọta ń kùn lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń ta oògùn eku ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé e sórí bárò, ó fi í sílẹ̀ kó máa ké láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kọ̀ndọ́ ń pe èrò Ìyànà-Ìpájà, òmíràn ń pe ti Èjìgbò. Bí òṣìṣẹ́ wa bá sì délé, jẹnẹrétọ̀ alájọgbélé rẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé. Ẹ wò ó, nígbà wo gan-an ni etí ẹni yìí sinmi? Awakọ̀ ńkọ́, tí inú ariwo ọ̀hún gan-an jẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti ìdájí?

Àwọn kan yóò ní kí ni tuntun nínú èyí, ṣebí ọjà ni, ọjà kì í sì í wà láìsí ariwo. Òótọ́ ni. A kò ní kí ọjà Ìkòtún di ilé-ìkàwé. Ohun tí a ń wí ni pé ariwo ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ bí gààrí ṣe ní kóńgò, àti pé ohun tó bá ti ní òṣùwọ̀n, a lè mọ̀ ìgbà tó pọ̀ jù. Títí di òní, ohun tí a ń fi wọn ariwo ọjà wa ni ìbínú. Ìbínú kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n.

OHUN TÍ ARIWO Ń ṢE SÍ ETÍ

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ohun kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn ohun tó dà bí irun wẹ́wẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń gba ìró, tí wọ́n sì ń fi jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Bí ariwo ńlá bá ń rọ́ lù wọ́n lójoojúmọ́, wọn a tẹ̀, wọn a sì kú. Irun orí tí a bá gé yóò hù padà, ṣùgbọ́n èyí tó bá kú nínú etí kì í hù mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó, kò sí i lọ́dọ̀ elégbòogi. Ẹni bá gba owó ọwọ́ yín ní orúkọ oògùn rẹ̀ ti rẹ́ yín jẹ.

Kì í dun ni, ìdí nìyí tó fi léwu. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hunhun nínú etí lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró tó lọ sókè tó sì tín-ín-rín ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ní èdè tiwa, dídún òkè àti dídún ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yóò ṣì máa dé etí, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà bí «f», «s» àti «ṣ» yóò máa sá lọ. Wọn á ní kí o «fọ ọ́», ìwọ á gbọ́ «sọ ọ́». Nílé, ìyàwó á rò pé o ń ṣe orí kunkun ni. Nídìí ẹ̀rọ, ó lè gba ìka lọ́wọ́ ènìyàn. Lójú títì, awakọ̀ lè má gbọ́ igbe ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe etí nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé ariwo ọkọ̀ tó bá pọ̀ ń da oorun rú, ó sì ń bá àìsàn ọkàn rìn. Ẹni tí kò sùn dáadáa lóru tó di sítíárí mú láàárọ̀, gbogbo èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

BÍ A ṢE Ń KA ARIWO

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni orúkọ òṣùwọ̀n ariwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò dà bí ti owó. Bí ariwo bá fi 3 lé, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 lé, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 90 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 80 lọ kò mọ ohun tó ń wí. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ènìyàn méjì tó súnmọ́ra jẹ́ nǹkan bí 60. Fèrè ọkọ̀ ńlá nítòsí lè kọjá 100.

NIOSH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Bó bá di 88, wákàtí mẹ́rin. Bó bá di 91, wákàtí méjì. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ní ilẹ̀ wa, 90 fún wákàtí mẹ́jọ ni ìlànà tí FEPA gbé kalẹ̀ fún ibi iṣẹ́ ní 1991. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: 5 péré ló wà láàárín 85 àti 90, ṣùgbọ́n agbára ìkejì ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ẹnu rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tí ẹ lè na ọwọ́ kàn bá wà níwájú yín, tí ẹ sì ní láti gbé ohùn sókè kó tó gbọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ariwo ibẹ̀ ti tó 85 tàbí kó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò nídìí ẹ̀rọ yín, kí ẹ tún dán an wò lẹ́bàá ẹ̀rọ alọta.

ÒFIN KÒ WỌ́N, ÀMÚLÒ LÓ WỌ́N

Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí ariwo ní 2009 lábẹ́ àjọ NESREA. Ìlànà náà ní àyíká ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ ju 45 lọ lọ́sàn-án, 35 lóru. Ilé gbígbé, 50 lọ́sàn-án, 35 lóru. Ibi tí ilé gbígbé, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ti pọ̀ mọ́ra, 60 lọ́sàn-án, 50 lóru. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni òru ti bẹ̀rẹ̀ lójú òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASEPA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mójú tó irú nǹkan báyìí.

Kí ni wọ́n ti fi òfin ṣe? Ní 2014, ìjọba Èkó ya ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ pé kí awakọ̀ kankan má fọn fèrè. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kò lè tún ìwà ọdún gbọọrọ ṣe. Ní 2016, LASEPA ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20, pẹ̀lú àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí, nítorí ariwo. Ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà yẹn, Bọ́lá Shabi, sọ pé àwọn fẹ́ kí Èkó bọ́ lọ́wọ́ ariwo nígbà tó bá fi máa di 2020. 2020 ti wá, ó sì ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan dé, kó dúró ní ráńdábáọ̀tù Ìkòtún ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

A kò bu àjọ náà. Ilé kan tó ń dààmú àdúgbò yẹ kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe ilé kan. Bí jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá tó dọ́gba bá ń dún lójú kan, tí ìjọba sì gbé ọ̀kan lọ, ariwo yóò fi nǹkan bí ìdajì dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kan dín kù. Etí kankan kò lè mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé márùn-ún lọ, 3 péré ni yóò fi dín. Ẹ rí i pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá gbé jẹnẹrétọ̀ aránṣọ kan lọ ti ba òwò obìnrin kan jẹ́, kò sì dín ohunkóhun kù fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọjà, gbogbo ariwo ló gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí èyí tó wálẹ̀.

ÌDÍ TÍ ÈYÍ FI JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ariwo ọjà. Èyí ni ìdáhùn wa, a sì fẹ́ kí ẹ mú un dání. Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí NSITF ń bójú tó, ka etí tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ohun tí a lè gba owó lé lórí. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ibi iṣẹ́ ló ba etí òun jẹ́. Ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan láti Ẹ̀gbẹ́dá bá gbé etí rẹ̀ lọ, kí ni ẹ rò pé agbanisíṣẹ́ yóò sọ? Yóò ní, «Àlímọ̀ṣọ́ lo ń gbé. Ọjà lo ń gbà kọjá lójoojúmọ́, jẹnẹrétọ̀ lo fi ń sùn. Ibẹ̀ ni kó o lọ béèrè etí rẹ.» Bí a bá sì lọ sí ọjà, wọn yóò ní ilé-iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì, òṣìṣẹ́ ni yóò di adití, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo.

Nọ́ńbà nìkan ló lè já irọ́ yìí. Bí a bá mọ iye ariwo tó wà nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ, tí a mọ iye tó wà ní ọjà fún ìdajì wákàtí tí a fi ń kọjá, tí a sì mọ bí etí òṣìṣẹ́ ti rí ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́, ta ni yóò tún ti ẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn? Nítorí náà, wíwọn ariwo ọjà kì í ṣe eré fún àwọn ọmọ yunifásítì nìkan. Ẹ̀rí wa ni.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe irú rẹ̀ nítòsí. Oyedepo àti Saadu gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2010 lórí ariwo ìlú Ìlọrin. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí ìkóríta, ibùdókọ̀, ibi ìṣòwò àti ibi tí ènìyàn ń gbé. Ohun tó ṣeé ṣe ní Ìlọrin ṣeé ṣe ní Àlímọ̀ṣọ́.

BÍ A Ó ṢE WỌ̀N Ọ́N

A ń dábàá pé kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn mẹ́fà, méjì fún Ìkòtún, méjì fún Ẹ̀gbẹ́dá, méjì fún Ìgándò. NIOSH ti ṣe ètò ìwọn-ariwo kan tí a lè fi sórí iPhone lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà orí fóònù kò tó gbé lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ibi tí a ó ti ké sí LASEPA pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gidi tiwọn wá.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ibi kan náà ni kí ẹ máa dúró sí nígbà gbogbo. Ẹ gbé fóònù sí gíga etí, kí ẹ jìnnà sí ògiri, nítorí ògiri ń dá ìró padà. Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan, nítorí kì í ṣe igbe ẹnìkan ṣoṣo la ń wá bí kò ṣe àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀: jẹnẹrétọ̀ mélòó, iná wà tàbí kò sí, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.

Ẹ má gbàgbé òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọjà bá wà ní títì fún ìmọ́tótó. Bí ẹ bá wọn ariwo lákòókò yẹn, ti ọkọ̀ nìkan ni ẹ gbọ́. Bí ọjà bá ṣí, tí ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ ti ọjà. Báyìí la ó fi dẹ́kun bíbá ìyálọ́jà jà lórí ohun tó jẹ́ ti awakọ̀, tàbí bíbá awakọ̀ jà lórí ohun tó jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Ti jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ ká wa lára. Kò sí ẹni tó ń ra epo bẹntiróòlù ní iye tó dé lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní 2023 tó ń fi ṣeré. Àìsí iná ló fà á. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé iná àjọlò wọ ọjà Sura ní Erékùṣù Èkó àti ọjà Ariaria ní Aba, kí oníṣọ́ọ̀bù lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ kéékèèké. Kí ló dé tí Ìkòtún kò fi lè rí irú rẹ̀? Títí ìyẹn yóò fi dé, ètò ibi tí a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí nìkan lè ràn wá lọ́wọ́. Ní gbangba tí ògiri kò ká, bí a bá fi ìlọ́po méjì sún ariwo sẹ́yìn, ó ń fi 6 dín kù. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní mítà méjì sí etí, tí a sún dé mítà mẹ́jọ, ti fi 12 dín kù láìná kọ́bọ̀ lé e, àfi owó wáyà.

Ti gbohùngbohùn kò gba ìjọba. Kí Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà pe ìpàdé, kí wọ́n fi àkókò àti ìwọ̀n sí i, kí ẹ̀rọ tó ń ké láìsí olówó rẹ̀ nídìí dẹ́kun. Nígbà tí ogún ẹ̀rọ bá ń ké pọ̀, oníbàárà kò gbọ́ ọ̀kankan. Bí gbogbo wọn bá rẹ ohùn sílẹ̀, òwò kankan kò ní bàjẹ́.

Ti kọ̀ndọ́ ń kọ́? Ó ń pariwo nítorí pé kò sí ohun tí ń sọ fún èrò ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ sára pátákó gàdàgbà níwájú mọ́tò, kí ìjọba ìbílẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ Ìgándò, ti Èjìgbò àti ti Ìyànà-Ìpájà, kí iná sì wà níbẹ̀ lálẹ́. Ohùn kọ̀ndọ́ pàápàá yóò sinmi.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ yín. Fèrè kì í ṣí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Sàlẹ́ńsà tó ti jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ jókòó tì í láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ bá sì dé iwájú Ilé-Ìwòsàn Gbogbogbòò Àlímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, ẹ ṣíwọ́ lórí fèrè. 45 lòfin wí níbẹ̀. Ìyá tó ń rọbí àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ó sì lè jẹ́ ará ilé yín.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ti ń sọ fún ara wa báyìí. Ó kù ká sọ fún àwọn aláṣẹ.

Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Ìkíní, kí LASEPA máa wọn ariwo ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ojúde ọjà níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á, ní èdè Yorùbá. Ìkejì, kí àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹrù ẹnikẹ́ni. Ìkẹta, kí iná àjọlò dé ọjà wa. Ìkẹrin, kí gbogbo agbanisíṣẹ́ yẹ etí òṣìṣẹ́ wò ní ọjọ́ tó bá gbà á síṣẹ́ àti lọ́dọọdún, kí wọ́n fún un ní ohun tí a fi ń dí etí, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà àbájáde náà lọ́wọ́.

Ìkẹrin yìí ni a ó gbé wọ yàrá ìjíròrò pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́. Mẹ́ta tó ṣáájú, a ó kọ lẹ́tà lé e lórí, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà nínú kì í pẹ́ dé inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Nítorí náà, kí àwọn mẹ́fà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó wáyé. Kò gba ìwé mẹ́wàá, ó gba sùúrù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ sì la fi ń sọ̀yà.